Ojú Irin Gáà Ìdẹ̀ra

Àtìní, 3 Oṣù Kẹwàá, 1994

Mo tún tẹ ìgbẹ́ lónìí. Ìgbẹ́ èèyàn, kì í ṣe ti ewúrẹ́. Lórí ojú irin àtijọ́ tó lọ sí abúlé Gáà Ìdẹ̀ra ni, níbi tí mo ti ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ wo àwọn aláboyún. Ọkọ̀ ojú irin ò gba ibẹ̀ mọ́ látìgbà tí ilé-iṣẹ́ òwú ti kógbá sílé. Ará àdúgbò wá sọ ọ́ di ṣáláńgá. Láílọ́ọ̀nù, òkú ajá, igbó tó ga jù mí lọ. Mo fi ewé nu bàtà, mo tutọ́, mo ń lọ.

Ṣé kí n wá gba títì ni? Títì ni Yétúndé gbà. Agbẹ̀bí ni bíi tèmi, irú kẹ̀kẹ́ kan náà ni wọ́n fún àwa méjèèjì. Tírélà gbá a nígbà tó kọjá Ọ̀fà Garage díẹ̀. Wọ́n ṣì so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè ní wọ́ọ̀dù.

Àlàmísì, 6 Oṣù Kẹwàá

Káńsù pè mí sí ìgbìmọ̀. Èèyàn márùn-ún ni wá. Wọ́n fẹ́ ká hú irin náà, ká da yangí sí i, kó di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Bẹntiróòlù ti di góòlù, kẹ̀kẹ́ sì ti pọ̀ nílùú. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Àfi alága wa. Lọ́fíńdà ni n ó máa pè é níhìn-ín, torí òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ó mú ayàwòrán dání. Ó ní kí n dúró ti kẹ̀kẹ́ mi kí wọ́n yà mí. "Ìyá Kẹ̀kẹ́ wa rèé!" Ó ń wo àyà mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ìríra gbáà.

Jímọ̀, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Gáàdì. Bàbá mi ni — gáàdì rélùwéè ló jẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, ojú irin Gáà Ìdẹ̀ra yẹn gan-an ló sì lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé lórí. Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀.

"Rokibat, ọjọ́ tí wọ́n bá hú irin yẹn, ọkọ̀ ò ní padà wá mọ́ láéláé."

Mo ní ṣebí ó ti pẹ́ tí kò ti wá.

"Ẹni tó ń retí àlejò kì í wó ẹnu ọ̀nà."



Àtàláátà, 11 Oṣù Kẹwàá

Gáàdì ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, àwọn arúgbó rélùwéè. Wọ́n tẹ́ ẹní sórí irin, wọ́n jókòó lé e kí ẹnikẹ́ni má baà hú u. Láàárín ìgbẹ́! Eṣinṣin ń bà lé fìlà bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde níbí, àìsàn ni ẹ ń wá." Ó ní kí n máa bá kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Àlàrùbá, 12 Oṣù Kẹwàá

Kò jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Àtìní, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo pẹ́ dé. Igi wó dí ojú irin, mo ní láti gbé kẹ̀kẹ́ yí i ká gba inú ẹ̀gún kọjá. Nígbà tí mo máa fi dé Gáà Ìdẹ̀ra, ọmọ tí Husseinat, ọ̀kan nínú àwọn aláboyún mi, bí ti kú. Ọmọbìnrin. Wọ́n ti fi aṣọ wé e. Ìyá yè, àlùhámúdùlíláì. Lami, tí oyún tirẹ̀ náà ti wọ oṣù kẹjọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Mo délé, mo rò ó fún Gáàdì. Ó wá ní, "Ṣé irin ló pa á ni?"

Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo kórìíra bàbá mi lónìí. Kí Ọlọ́hun foríjì mí.

Àlàmísì, 20 Oṣù Kẹwàá

Ìpàdé. Lọ́fíńdà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ — nǹkan kékeré kan ló kù, ó ní. Àáfáà Qasim àti àwọn àáfáà yòókù ò fẹ́ rí obìnrin lórí kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n lè fọwọ́ sí i, ọkùnrin nìkan ni yóò máa gba ọ̀nà náà. "Ìyá Kẹ̀kẹ́, ẹ máa gba títì ná."

Títì tí Yétúndé gbà!

Àwòrán mi ló ń gbé kiri fi tọrọ ọ̀nà yìí. N ò mọ bí mo ṣe délé.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Àáfáà Qasim nílé kéú rẹ̀. Mo ti múra ìjà lọ. Bàbá náà gbọ́ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló bi mí léèrè? Ìyàwó mi ń gun ọ̀kadà lọ kọ́ àwọn obìnrin ní kéú. Ṣé kẹ̀kẹ́ ni n ó wá dá lẹ́bi? Ẹ jẹ́ n bá yín lọ sí ìpàdé yín."

Ojú tì mí fún gbogbo ohun tí mo ti rò nípa rẹ̀.

Àtìní, 24 Oṣù Kẹwàá

Àáfáà wá lóòótọ́. Ó dìde lójú gbogbo wa, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ máa la ẹnu gbé Lọ́fíńdà mì. Rárá o! Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní ó dáa, òun fúnra òun ni kò fẹ́. "Obìnrin tó la ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ṣé ó bójú mu?" Òun ò ní yí i padà. Ẹ dìbò: ṣé ká ṣe ọ̀nà ọkùnrin nìkan yìí, àbí ká pa á tì?

Òun àti ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Aṣojú àwọn àgbẹ̀ àti aṣojú àwọn arúgbó rélùwéè ní rárá. Ó ku èmi.

Mo ní rárá.

Ọ̀nà tí mo ń bẹ Ọlọ́hun fún, ọwọ́ mi ni mo fi pa á.

Gáàdì wà lójú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò yọ̀. Kò yọ̀. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń tì í lọ. Nígbà tí a dé àdúgbò Challenge, ó ní:

"Alága yín yẹn ń wò ọ́ bí ẹni ń ná ẹran."

Ó tún tì í díẹ̀ sí i.

"Ọjọ́ ọmọ Husseinat yẹn, ṣe ló yẹ kí n bu omi sẹ́nu."

Àlàrùbá, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Lami pé wọn ò ní ṣe ọ̀nà mọ́. Ó ní kí ló dé? Mo ṣàlàyé — irin, ìbò, Lọ́fíńdà. Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

"Ta ló ní kí wọ́n hú irin? Ẹ̀gbẹ́ irin ń kọ́?"

Odindi ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó béèrè.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kọkànlá

Àwọn obìnrin Gáà Ìdẹ̀ra jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Lami nìkan ni wọ́n ní kó jókòó. Husseinat ló wà níwájú pátá, ó ń gé igbó. Láti apá ìlú, Gáàdì, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ Lami fún, kó àwọn arúgbó rẹ̀ bọ̀. Bàbá mi so aṣọ mọ́ imú, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ onígbẹ̀ẹ́. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn igi.

Irin wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀nà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àtàláátà, 15 Oṣù Kọkànlá

Lami bí ọkùnrin. Mo ti dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí gidi!

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kọkànlá

Lọ́fíńdà dé. Òun, ayàwòrán, àti ọkùnrin kan tó mú rìbọ́ọ̀nù dání. Ó ní òun wá ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ìgbìmọ̀ òun là. Ó sọ ọ́ lójú àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn ṣì ń bó. Ojú ò tì í. Ó wá ní kí n yá òun ní kẹ̀kẹ́, kí wọ́n ya òun lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ bú u. Gáàdì ní, "Fún un. Jẹ́ ká wò ó."

Ó ká agbádá sí èjìká, ó gùn ún. Kẹ̀kẹ́ mì. Ó fi ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀. Ó fẹnu sí etí mi kí ayàwòrán má baà gbọ́:

"Ìyá Kẹ̀kẹ́, ẹ dákun, ẹ bá mi dì í mú. N ò mọ̀ ọ́n gùn."

Òórùn rẹ̀ dí mi nímú. Mo ní kó sọ̀. Ó sọ̀. Mo gba kẹ̀kẹ́ mi, mo gùn ún níwájú gbogbo wọn, mo ń lọ. Aláboyún méjì ń dúró dè mí.

Mo gbọ́ tí kámẹ́rà dún. Ẹ̀yìn mi ló yà.