Ìsàlẹ̀ Ni Mo Wà Nígbà Tí Omi Já

Ilé Rìlwánù awakọ̀,
Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ore.

Akínwọlé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara Monílọ́lá aya rẹ le? Ṣé iná ń wá dé ọ̀dọ̀ yín ní Èkó, àbí ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣì ni ẹ fi ń sùn? Èmi wà láàyè, ara mi dá, àfi orúnkún yìí tó ń bá mi jà bí orogún. Mo gbà á ládùúrà pé Ọlọ́run tó ń mú kòkó so lórí igi tí kò lẹ́nu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀, kò ní gbàgbé ìwọ tí o lẹ́nu. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní yọnu. Ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín.

Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, obìnrin inú rẹ̀ yẹn yóò já lu ọ̀rọ̀ mi kí n tó dé ìdajì. Ìwà rẹ̀ kò dára. Kì í tilẹ̀ kí èèyàn.

Mo gbọ́ pé Tàófíìk tí a jọ rin ìrìn-àjò náà ti pè ọ́, ó ní mo gun òkè omi, mo sì fi igbe lé gbogbo ayé sọ̀kalẹ̀. Irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Mi ò gùn ún. Ṣebí ìwọ lo ní kí n má gùn ún, mo sì ṣèlérí fún ọ. Ti ìkejì, jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè mọ ẹni tó jẹ̀bi, nítorí èmi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìwọ náà lo sanwó ìrìn-àjò yìí fún Olúrónkẹ́ ọmọ Díákónì tó ṣètò rẹ̀, pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, mi ò jáde kúrò ní Omífunfun mọ́ bí kò ṣe oko àti ṣọ́ọ̀ṣì. Olúrónkẹ́ wá sọ fún mi pé kúrúùsì là ń lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ tíṣà, ó ní kúrúùsì ni ọkọ̀ ojú omi ńlá tí àwọn olówó fi ń káàkiri òkun, tó ń dúró ní èbúté kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọmọ mi, o mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo di kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì mọ́ ẹrù mi, kí n lè rí nǹkan dì mú bí ọkọ̀ bá rì. Ìgbà tí mo dé gáréèjì Ore ni mo rí i pé bọ́ọ̀sì ni. Mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò tú kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún mi ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa pàdé wa.

Rìlwánù ni awakọ̀ wa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí a dúró jẹun ní Òndó, ó jókòó tì mí, ó sọ fún mi pé Hàlímọ̀ ìyàwó òun wà nínú oyún, pé èyí tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú ju ẹyọ kan lọ. Dókítà ní ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó ní òun ì bá má wá rárá, àìsàn ló gbé awakọ̀ tó yẹ kó wá dè. Ó ní Hàlímọ̀ mú òun búra kí òun tó jáde nílé, pé ọjọ́ tí ìrọbí bá dé, òun ò ní jẹ́ kó wọ ilé ìwòsàn láìgbọ́ ohùn òun. Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà á, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń padà wálé lọ́wọ́ òfo. Mo ní Ọlọ́run yóò ṣe é. Ó ní àmín, ó sì lọ yẹ táyà wò.

A gba Àkúrẹ́ kọjá, a dé ibi omi náà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Olúrónkẹ́ ní ibi àkọ́kọ́ tí kúrúùsì máa dúró nìyẹn, pé ó ku Iléṣà. Omi náà ń já bọ́ láti orí àpáta, ó funfun bí òwú. Akínwọlé, Omífunfun ni mo gbé dàgbà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí omi funfun.

Wọ́n ní omi náà wà ní àgbékà-àgbékà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pé kí gbogbo èèyàn máa gòkè. Mo bi Olúrónkẹ́ pé omi tó wà lókè lọ́hùn-ún, níbo ló ń lọ? Ó ní ìsàlẹ̀ níbí ló ń bọ̀. Mo ní ó dáa, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti ń bọ̀ wá bá mi, kí ni mo ń lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà sí? Ó kọrí sí àtẹ̀gùn. Mo fi kẹ́ẹ̀gì kan ṣe àga, mo jókòó. Àmọ́ Alhaja Límátù tó ń ta aṣọ ní ọjà Ore, tó dàgbà jù mí lọ, tó sì sanra jù mí lọ, so ìró mọ́ àyà, ó ní òun máa débẹ̀, Rìlwánù náà ní òun ń bá wọn lọ. Wọn ò fẹ́ kí omi ta sí fóònù wọn, ni wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ọjà mi pé kí n máa ṣọ́ ọ. Mo gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun.

Kò pẹ́ tí ti Tàófíìk dún. Ọ̀gá rẹ̀ tó ń bá ta táyà ni. Ó béèrè pé ṣé ara Tàófíìk ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Mo ní ara rẹ̀ yá púpọ̀, kó má mikàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó ń fò lórí àpáta bí òbúkọ. Ọ̀gá náà ní òun dúpẹ́, mo ní kò tọ́pẹ́. Ọ̀gá tó ń ro ti ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó báyẹn ṣọ̀wọ́n láyé ìsinyìí. Mi ò mọ ìdí tí Tàófíìk ò fi kí mi mọ́.

Fóònù kan wà níbẹ̀ tí kì í dún, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Á gbọ̀n, á sinmi, á tún gbọ̀n. Mo ní òtútù ló mú un, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ tutù ju àárọ̀ ọyẹ́ lọ. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi wé e dáadáa, mo gbé e mọ́ àyà. Kò dákẹ́. Nígbà tó yá, mo tú u wò bóyá ó ti ń móoru, ni mo bá rí àwòrán obìnrin kan lójú rẹ̀, oyún ń bẹ níwájú rẹ̀ gbàǹgbà.  Mo fi ìka fà á bí o ṣe kọ́ mi.

Kò jẹ́ kí n kí i. Ó ní Rìlwánù, omi ti já. Mo ní Rìlwánù kọ́ o, Ìyá Akínwọlé ni, Rìlwánù wà lókè. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń pè, omi inú òun ti já, ìrora ti dé, òun àti Sàádátù ará ilé kejì nìkan ló wà ńbẹ̀. Sàádátù ti dá ọ̀kadà dúró síta, ṣùgbọ́n òun ò ní lọ síbì kankan láìgbọ́ ohùn ọkọ òun. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bá a wí. Mo ní ìyá ọmọ ni mí, kó máa lọ. Ó ní ẹ ṣé mà, òun jókòó. Akínwọlé, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. O mọ̀ pé mo ti sin ọmọ kan kí n tó bí ọ. Mo mọ irú èémí yẹn.

Mo dìde, mo dé ìdí àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ kó yé ọ pé ọ̀pá mi nìkan ló kan àtẹ̀gùn náà, ẹsẹ̀ mi ò kàn án. Mo rí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń gòkè, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Rìlwánù awakọ̀ Ore pé omi ìyàwó rẹ̀ ti já, kó sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Wọ́n ní kò burú. Bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n fi iṣẹ́ náà rán àwọn tó wà níwájú wọn, àwọn yẹn náà fi rán ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ariwo omi ò jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi rán wọn, ó lórí, ó nírù. Nígbà tó máa dé òkè, ìyàwó ti bọ́ lára rẹ̀, Rìlwánù ti bọ́ lára rẹ̀, ó wá ku: omi ti já, ẹ sọ̀kalẹ̀ kíákíá!

Ọmọ mi, gbogbo àpáta yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èèyàn sílẹ̀ bí igi ìyeyè ṣe ń sọ èso sílẹ̀. Olúrónkẹ́ fi ìdí sọ̀kalẹ̀. Tàófíìk tó gòkè bí òbúkọ dé ilẹ̀ bí àpò gààrí. Àwọn kan ń ké Jésù, àwọn kan ń ké Lá ìláhà, ẹ̀sìn méjèèjì jọ ń sáré, kò sí èyí tó ya èkejì sílẹ̀. Àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí náà ń sá. Ọkùnrin kan bi mí pé ibo ni omi ti já, mo ní Ore ni. Ó wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣèṣe, bàtà àti fìlà ni omi gbé lọ.

Gbogbo wọn dé, Rìlwánù ò dé. Hàlímọ̀ ṣì wà létí mi, mò ń sọ fún un pé ó ń bọ̀, ó ti fẹ́ dé. Ó ní ariwo kí nìyẹn, mo ní àwọn èèyàn ni, wọ́n ń bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà kò wí nǹkan kan mọ́, mo kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì ń sọ ohunkóhun tó bá ti wá sí mi lẹ́nu, ti kòkó, ti ewúrẹ́, ti ìgbà tí mo bí ọ, kó má baà sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ láàárín wa.

Ìgbà tí àtẹ̀gùn ti ṣófo tán ni mo rí i. Ó pọn Alhaja Límátù sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Alhaja ti yẹ̀ lókè, gbogbo èèyàn ń fò ó kọjá. Rìlwánù alára gbà pé àgbàrá ń bọ̀ lẹ́yìn, síbẹ̀ ó padà gòkè lọ gbé e. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó gbẹ, díẹ̀díẹ̀. Mi ò pè é, kó má baà yọ̀ ṣubú. Nígbà tó sọ Alhaja kalẹ̀, mo kàn fi fóònù sí i létí.

Mi ò gbọ́ ohun tí Hàlímọ̀ wí. Ohun tí òun wí kò pọ̀. Ó ní Hàlímọ̀, èmi nìyí. Gbéra. Mò ń bọ̀. Ó tún un sọ. Omi ń kán lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti àpáta nínú rẹ̀. Ni mo bá gbọ́ Sàádátù tó pariwo lọ́hùn-ún pé ó ti dìde o, ó ti dìde.

Kúrúùsì ò dúró níbì kankan mọ́. Tàófíìk fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Iléṣà, Alhaja Límátù ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Alhaja ń fa tẹ̀sùbáà, àwa ń kọrin ìyìn, èmi sì jókòó níwájú, mò ń sọ fún Rìlwánù pé kó rọra, ọmọ kì í fẹ́ kí bàbá òun ti ojú ọ̀nà lọ sọ́run. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní ká má pariwo, ìyá àti ọmọ ń sùn. Obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì ní ìwọ́ wé e lọ́rùn, ká ní ó pẹ́ nílé díẹ̀ sí i, ohun mìíràn ni à bá máa sọ. Rìlwánù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, ó gbàgbé láti bọ́ èkejì.

Ùmmúkùlsùm ni wọ́n sọ ọ́. Ìyá Hàlímọ̀ ti kú tipẹ́. Ìgbà tí Hàlímọ̀ gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ ti ewúrẹ́ yẹn, ó di etí aṣọ mi mú. Mi ò tíì lọ sílé láti ọjọ́ náà. Èmi ni mò ń wẹ ọmọ. Àwọn awakọ̀ gáréèjì ń pè mí ní Ìyá Omi-Ti-Já, mo sì ń dá wọn lóhùn, nítorí wọ́n máa ń ra búrẹ́dì wá.

Mo mọ̀ pé o ní kí n wá lo oṣù yìí lọ́dọ̀ yín. Má bínú, mi ò ráyè. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí agbára rẹ bá ká, kí n fi ra òrí àti ọṣẹ fún ọmọ yìí, kí n sì ra ìborùn mìíràn. Má fi í sínú fóònù mi mọ́ o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ níjọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, ohunkóhun ò bọ́ níbẹ̀. Fún awakọ̀ Ore kan ní gáréèjì yín, yóò gbé e dé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìwọ àti Monílọ́lá. Ẹ ò ní pe ẹni tí kò ní jẹ́ yín. Ọjọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ohùn ẹni tó fẹ́ràn yín kò ní jìnnà sí etí yín. Àmín.

Ọmọ ti jí. Ó ń wá mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.