Ilé Tí Wọ́n Ní Kí N Wádìí

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Fóònù yìí nìkan ni mo rí bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni wọ́n máa ń pè láti wádìí ìdílé ará Wásinmi kí wọ́n tó fẹ́yàwó níbẹ̀. Lónìí, obìnrin kan tí kò mọ orúkọ mi pè láti Ìtòkú. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Fúnkẹ́, ọmọ Ṣówándé.

Èmi ni Ṣówándé. Látìgbà tí Fúnkẹ́ ti bínú kúrò nílé, kò pè mí, èmi náà ò pè é.

"Ilé rere ni, ìyá. Kò sí olè níbẹ̀."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní alágídí ni."

"Alágídí paraku! Ṣùgbọ́n kò ní yọ yín lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún mi.

Ó wù mí kí n béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kí ni olùwádìí fẹ́ fi ìyẹn ṣe?