Ọ̀gá Omi àti Afárá Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Dù Wọ́n

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá ẹbí kẹ́dùn, ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: omi kọ́ ló pa bàbá. Orí ibùsùn gbígbẹ ni wọ́n ti sùn lọ. Ẹbí mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín níbí yìí. Kí wọ́n yáa rín in tán kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1943 ni a bí olóògbé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ọ̀gá Omi, nínú ilé alájà kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún. Bàbá wọn ń tún aago ṣe. Ìyá wọn ń rán ìgbòkun fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ẹni tí aago bí, tí ìgbòkun tọ́, ta ni yóò dìde bi í pé kí ló mọ̀ nípa eré omi?

Ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ní kí gbogbo kíláàsì bẹ́ sódò. Olóògbé ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni yóò wá mú aago?" Ìbéèrè yẹn kò rí ìdáhùn títí dòní.

Ní ọdún 1968, olóògbé gba ṣọ́ọ̀bù aago lọ́wọ́ bàbá wọn. Bí ìgbà ooru bá ti dé tí ọjà kò tà mọ́, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a gbé àga, agbòòrùn àti fèrè lọ sétí adágún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ aráàlú ní lúwẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀lù inú omi, ọkọ̀ ìgbòkun, àti pátákó tí a ń dúró lé lórí tí a ń fi àjẹ̀ wà jẹ́jẹ́, èyí tó yẹ ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń dún. Òmíràn ni èyí tó ń dáyà foni: kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì máa fi okùn fa ènìyàn sáré lórí omi. Ohùn wọn a máa dé òdìkejì adágún: "Tẹ orúnkún! Má wo ẹsẹ̀, iwájú ni kó o wò! Ìwọ aláròyé yẹn, pa ẹnu dé, omi ń wọ̀ ọ́!" Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi láìwọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó. Orí àga ni wọ́n ti ṣe gbogbo èyí, òótọ́ ni. Ṣé abẹ́ táyà ni ẹni tó ń kọ́ni ní mọ́tò wíwà máa ń jókòó sí?

Ọdún 1971 ni olóògbé gbé Ìyá, ìyá àwọn ọmọ wọn, níyàwó. Olùkọ́ ìṣirò ni Ìyá, etí adágún ni wọ́n sì ti pàdé, tí irun Ìyá ṣì tutù. Bàbá ti fi aago mọ bí Ìyá ṣe ń yára tó nínú omi kí wọ́n tó mọ orúkọ Ìyá.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni olóògbé. Nígbàkúùgbà tí ìjọ bá ń ṣe ìrìbọmi nínú adágún, ọwọ́ wọn ni aago pásítọ̀ ń wà. Ní ti àwọn fúnra wọn, a ti wọ́n omi sí wọn lórí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì tó.

Ọ̀rọ̀ wá kan afárá onígi tuntun tó wọnú adágún. Ẹbí ní kí a fi orúkọ bàbá sọ ọ́. Alága ìgbìmọ̀ adágún, tí bàbá fi fèrè pè jáde nínú ibú nígbà tó wà lọ́mọdé, sọ fún àkọ́bí olóògbé níwájú gbogbo ìgbìmọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. A kì í fi orúkọ ẹni tí ara rẹ̀ kò tutù rí sọ afárá odò. Ẹ mú ẹ̀rí kan ṣoṣo wá pé bàbá wọ omi, èmi fúnra mi ni màá kun orúkọ wọn síbẹ̀." Àwọn tó kù ń fọwọ́ bo ẹ̀rín. Hà! Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ẹ̀rí náà rèé. Ẹ wo iwájú ìwé ètò ìsìnkú yìí. Àwòrán tó ti wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù láti ọdún 1979 ni: ẹni tó dúró ṣánṣán lórí omi, tí okùn le gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìfófòó omi ń fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ lékelèké, tí fìlà sì bò ó dé ojú. Bí oníbàárà bá béèrè, bàbá kì í fọ́nnu. Wọn a wúkọ́, wọn a ní, "Omi ọjọ́ náà le o." Kí alága máa gbé ọ̀dà bọ̀! Ìyá fúnra wọn wo àwòrán náà títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a lò ó. Ìlà kan péré ni wọ́n tọrọ nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn fi í lé atẹ̀wé lọ́wọ́. Ẹbí kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ opó sí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń yẹ̀ wò.

Olóògbé fi Ìyá sáyé lọ, pẹ̀lú àkọ́bí wọn tó jẹ́ agbẹjọ́rò, ọmọbìnrin wọn tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún tí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ọ̀gá Omi, ẹ sùn re o. Kí odò tí gbogbo wa ń bọ̀ wá là kọjá rọ̀ fún yín, kí ẹ sì bá àga yín létí rẹ̀.

*Ìlà Ìyá:* Èmi ni mo wà lórí omi nínú àwòrán iwájú ìwé yìí. Bàbá àwọn ọmọ mi ló yà á, láti orí àga.