Orúkọ Ọ̀gágun

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹfà
Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí a ṣe ìsàmì. Ọmọ mi ti pé oṣù mẹ́sàn-án, "Bébà" la ṣì ń pè é, bíi gbogbo ọmọbìnrin tí omi ìsàmì kò tíì kàn. Yakoumís ọkọ mi (Ọ̀gbẹ́ni Màámi-ní) ti pinnu: Haríklia, orúkọ ìyá rẹ̀. Kò bi mí. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́, ìyá bàbá ló ni orúkọ ẹ̀, ó parí.
— Eyín kan ti hù. Ó ń wúkọ́. Àbí itọ́ ló há a?

Ọjọ́rú, 7
Mo ti ṣe é! Mo yọ́ lọ bá Argyró, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé, òun ni ìyá ìsàmì. Ẹnu rẹ̀ ni orúkọ wà: ohun tó bá sọ lẹ́bàá ọpọ́n omi, abẹ gé e, kò sí bàbá tó lè yí i. Mo ní kó sọ Danái, orúkọ tó wu èmi. Ó ní, "Stamáta, Ọ̀gágun máa yìnbọn fún ẹ." (Ọ̀gágun: ìyá ọkọ mi.) Ó ṣèlérí ṣá.

Ọjọ́bọ̀, 8
Bí ọwọ́ Fadá bá yọ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń rì í!

Ọjọ́ Àìkú, 11
Mo ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ "hári" jáde lẹ́nu Ọ̀gágun lónìí. Àárọ̀: "Ìyàwó, ṣe mí ní hári, gbé garawa yẹn" — oore nìyẹn. Bébà nawọ́ sí ológbò: "Ẹ wo hári lára ọmọ yìí!" — ẹwà. Ó kọjá níwájú àwòrán Ìyá Ọlọ́run: "Hári Rẹ̀ tóbi" — oore-ọ̀fẹ́. Kọ́fí hó dànù lọ́wọ́ mi: "Ó dáa, mo fún ẹ ní hári" — ìdáríjì, bí ẹni tí ọba tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Inú orúkọ tirẹ̀ náà ló wà: Haríklia, ẹni tí hári sọ di olókìkí. Èmi tí mo ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ já orúkọ náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀, èwo ló kù fún mi níbẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Ikọ́ ti lọ. Eyín kejì. Ó gé mi jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 16
Èmi àti Ọ̀gágun ń fi ewé àjàrà di ìrẹsì fún àwọn àlejò. Mo ní kí n wá ojúure rẹ̀: inú yín á dùn, Màmá, tí wọ́n bá pe orúkọ yín lọ́jọ́ Àìkú. Ó mú ewé mìíràn.
"Orúkọ yẹn? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo jábọ́ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. O ṣáà ń rí bí mo ṣe ń tiro. Àwọn ọmọ iléèwé á tò sẹ́yìn mi, wọn á máa tiro, wọn á máa fi orúkọ mi kọrin. Ẹlẹ́wà ìrìn! Títí dé ọjọ́ ìgbéyàwó mi."
Ṣé ọkọ mi mọ̀?
"Kí ló fẹ́ mọ̀? Ó rò pé ẹ̀bùn lòun ń fún mi. Di ewé ẹ dáadáa, èyí rí bí ìbọ̀sẹ̀ ọ̀mùtí."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ sunkún ní balùwẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí fi ń tiro gun àtẹ̀gùn ilé wa ní ìdájí láti wá gbé ọmọ, kí n lè sùn díẹ̀. Mo fẹ́ orúkọ náà. Mo fẹ́ kí abúlé yìí pè é láìsí ẹ̀rín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Mo sáré bá Argyró: yí i padà, Haríklia ni! Ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin ará ilé yìí fẹ́ yà mí ní wèrè! Ọ̀gágun wá síbí lọ́jọ́ Ajé. Ó ní orúkọ yòówù tó bá wù mí, àfi tòun. Mo sì ti ní mo gbọ́!" Kí lo wá máa sọ? "Má bi mí. Èmi náà ò mọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 18
Lábúlé wa, ìyá ọmọ kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n á fi pe orúkọ. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gágun jókòó tì mí, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Irọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á.
Bébà ké. Omi dún. Ohùn Fadá: "A ri ìránṣẹ́bìnrin Ọlọ́run, Haríklia—" Mo di ọwọ́ Ọ̀gágun mú. Lẹ́ẹ̀kejì: Haríklia. Lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ó kọjú sí mi. "Ta ló rán Argyró níṣẹ́ yìí?"
Èmi ni, Màmá.
Ó dìde. Ó tiro dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọgun wọlé: "Fadá, ẹ pè é sókè! Àwa tá a wà níta ò gbọ́ dáadáa!"