Imú Tó Kú Kí Àjọ̀dún Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Imú mi ti kú. Ọ̀fìnkìn lásán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀fìnkìn lọ, ó kó òórùn àti adùn dání lọ. Láàárọ̀ yìí mo jẹ wàràkàṣì tí Clotilde ọ̀rẹ́ mi ń ṣe – èyí tí ajá gan-an máa ń sá fún – àfi bí ẹni ń jẹ àbẹ́là.

Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi ni imú ilé yìí. Èmi àti àbúrò mi la jọ jogún oko àti ilé ìpọntí, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni Bàbá fi ìtọ́wò ọtí lé lọ́wọ́. Lọ́dọọdún èmi ni mo ń yan àgbá tí abúlé máa mu lọ́jọ́ àjọ̀dún, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ bí ọtí ṣe rí, àfi tí èmi bá kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí tèmi dákẹ́ ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mo bu mọ́sítádì ṣíbí kan sẹ́nu. Omijé dé. Adùn kò dé.

Ọjọ́bọ̀, 5

Táńkì wá jẹun. Évrard àbúrò mi ni. Mo sọ ọ́ ní Táńkì nítorí ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń kọrin táńkì irin sí mi létí. Ó fẹ́ ta gbogbo àgbá igi óákù wa fáwọn kan nílùú Tournai, kó wá máa pọn bíà tó dùn bí omi ọsàn.

Ó gbé ṣíbí, ó wo ọbẹ̀, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin àti iyọ̀ jà ni?"

N kò mọ̀ pé n kò fi iyọ̀ sí i. Mo ní dókítà ló ní kí n dín in kù. Irọ́ kìíní nìyẹn.

Ó tún rán mi létí àdéhùn wa. Ọtí àjọ̀dún èṣí kò dáa. Bí tọdún yìí náà ò bá dáa, àgbá á lọ, táńkì á wọlé. Mo ti fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà lásìkò Àjíǹde, nígbà tí imú mi ṣì yè tí ẹnu mi sì gùn. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé. Àgbá méjì ló ti pé ọdún mẹ́ta, mo sì ti sọ wọ́n lórúkọ: Bíṣọ́ọ̀bù, nítorí ikùn rẹ̀, àti Opó, nítorí kì í yé ráhùn lábẹ́ ìdérí. Mo fa ìṣó kékeré ara wọn yọ, ọtí tú pẹ̀ẹ́ sínú ife. Mo tọ́ méjèèjì wò. Omi. Omi tútù, gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. N kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí Bàbá kú. Kí Ọlọ́run má gbọ́.

Ọjọ́rú, 11

Mo gba ẹ̀yìn ilé màlúù kọjá. Kò rùn. Ó dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ojú! Kí ló dé tí n kò tètè rò ó? Bíà kíkan ni ọtí tiwa; tí kò bá mú ojú rún, ọmọdé ni kí wọ́n gbé e fún. Ojú ẹni tí kò mọ irọ́ pa ni mo nílò. Táńkì! Látọmọdé, kò sẹ́ni tí kì í jẹ ẹ́ nínú káàdì, torí gbogbo ohun tó dì mọ́wọ́ ló wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo pè é sísàlẹ̀. Mo ní òun náà kúkú ni onílé, kó wá tọ́ ọtí wò. Ó fura. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìṣó rí?"

Mo bu Opó fún un. Ó mu ún. Ó lá ètè. Ojú rẹ̀ dán. Àbùkù nìyẹn – Opó ti dùn, kò wúlò.

Mo bu Bíṣọ́ọ̀bù. Háà! Ojú rún. Ojú kan tilẹ̀ pa dé. Èjìká gun òkè, ó sì ké pe ìyá wa tó ti kú.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó... ó kan, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó kan gan-an ni."

Ṣebí kó kan náà ni a ṣe ń ṣe é! Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ÀJỌ̀DÚN sí ikùn Bíṣọ́ọ̀bù. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé, 23

Táńkì tún dé, ẹ̀ẹ̀kejì nínú ọ̀sẹ̀ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àgbá yẹn tọ́ wò." Mo lé e jáde. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ọtí máa dáa, táńkì rẹ̀ á wọmi. Ojúkòkòrò.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo abúlé jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé ìkòkò ọtí Bíṣọ́ọ̀bù jáde. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo gbé ife sókè, mo fà á símú bí ẹni tó ní imú, mo mu. "Ó dára. Ó dára ju ti Bàbá lọ."

Wọ́n mu. Clotilde pè mí, ó ní, "Fonsine... ó wọlé o." Théodule, àgbàlagbà abúlé wa, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, nu ojú rẹ̀: "Ọtí yìí jí mi, ọmọ mi." Clotilde jókòó ti ìkòkò òdòdó, ó ń tẹ̀ sí i lemọ́lemọ́, ife rẹ̀ sì ń tètè gbẹ. Mo ní ọ̀rẹ́ mi mà lè mu! Táńkì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mu tirẹ̀, ó doríkodò.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn òbúkọ.

Kò sí òbúkọ níbẹ̀. Théodule ló tẹ̀ sí etí mi láti sọ̀rọ̀, nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbá a mú, mo ki imú bọ abẹ́ apá rẹ̀. "Fonsine! Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì?" Òbúkọ gidi! Òbúkọ ológo! Mo sáré gbé ife mi.

Fínígà. Omi kíkan tí wọ́n fi ń fọ fèrèsé.

Mo dìde. "Ẹ̀yin èèyàn, fínígà mà nìyí!"

Théodule ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A ti mọ̀ látìgbà tá a ti kọ́kọ́ fẹnu kàn án, ọmọ mi. Ìwọ là ń dúró dè."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, látorí ọ̀fìnkìn dé orí ìṣó. Mo kọjú sí Táńkì. "Kí ló dé tó ò sọ pé ó ti bàjẹ́?"

"Ẹ̀yin ni imú. Mo ní kí ẹ tún un tọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Òótọ́ ni. Ẹni tí ìbàjẹ́ ọtí yìí máa ṣe láǹfààní ló wá kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo ka ojú rẹ̀ sódì. Opó tó lá ètè sí ni ọtí rere. Ojú tì mí.

"Àdéhùn wa ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó gbójú sókè. "Ẹ fọwọ́ sí i, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo fọwọ́ sí i."

Àwọn ará Tournai ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n á kó gbogbo àgbá Bàbá lọ. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ife ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì tún mu. Pákó wà níbẹ̀. Èso ápù jíjẹrà wà níbẹ̀. Awọ ẹṣin, irin, kíkan tó ń họ ọ̀fun – gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ wọn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ ná, Ẹ̀gbọ́n mi, á da inú yín rú!"

Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo na ife sí i, mo ní kó bu òmíràn fún mi, kó kún dáadáa.