Ṣọládé Kàsúmù Kan Wá sí Ojú Ore

Ṣọládé, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá yẹn? Ṣé ò ń jẹun kánú? Dáadáa la wà nílé l'Alápòtí níbí, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí ìbejì. Olúwa ò ní jẹ́ ká fi ẹkún pe orúkọ rẹ o.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo lọ bá ọ ní Ojú Ore, mi ò sì bá ọ.

Nímọ́tà, ọmọ Kàfáyá alájọgbé wa, ló ti ọjà dé tó ní wọ́n lẹ orúkọ rẹ mọ́ ògiri káàkiri Ojú Ore, pé o ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ní kó bi fóònù rẹ̀ léèrè. Fóònù ní bẹ́ẹ̀ ni, Ṣọládé Kàsúmù ń bọ̀, fóònù yẹn kì í sì í parọ́, òun náà ló sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ lọ́jọ́sí. Mo ní o fẹ́ wá ka ìwé ìtàn tó o kọ sétí àwọn ará ilé ni, pé ojú ló ń tì ọ́ láti sọ fún mi, nítorí láti ìgbà tá a ti sin bàbá rẹ, o ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí. Mo se ẹ̀bẹ, mo wọ mọ́tò.

Háà, Ṣọládé! Ọkùnrin onírun jàgànjàgàn kan ló jáde sórí pèpéle, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó ń lọgun bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Mo rò pé Àbújá ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Mo dìde láàárín èrò, mo ké pé Àjàní, ta ló ṣe ọ́ báyìí! Orin dúró. Ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ lẹ ń wá. Ó ní ọmọ àdúgbò Joju lòun, orin rọ́ọ̀kì lòun ń kọ, orúkọ ló pa òun àtìwọ pọ̀. Ó ní àwọn èèyàn máa ń kọ̀wé sóun pé ìwé òun pa àwọn lẹ́kún, òun ò sì kọ ìwé kankan rí, lòun bá ra ìwé ọ̀hún. Ó ní ibi tí ìyá kan ti ń fetí sí gbogbo mọ́tò tó bá kọjá, bóyá ọmọ òun ló dé, ibẹ̀ lòun náà ti sunkún.

Àjàní, èdè òyìnbó ni gbogbo ìwé rẹ. Mi ò mọ̀ pé o kọ mí síbẹ̀. Àṣé o mọ̀ pé mò ń retí rẹ.

Ó jẹ ẹ̀bẹ náà tán, ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi délé. Màmá ló ń pè mí ní gbogbo ọ̀nà, mo sì ń dá a lóhùn. Ọmọ dáadáa ni. Nígbà tó lọ tán, ilé tún dákẹ́.

Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ ń wọlé, o ṣeun. Mo bi ọmọbìnrin báńkì ní Sango pé ọ̀nà tí owó yẹn ń gbà tó fi ń ti Àbújá dé lójú ẹsẹ̀, ṣé èèyàn ò lè gbà á ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Nítorí náà, má fi ti oṣù yìí ránṣẹ́. Fi wọkọ̀. Bí o ò bá mọ ohun tó o máa sọ tó o bá dé, má sọ nǹkan kan, ṣáà wọlé.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Ẹfúnróyè