Ẹja Mi Kò Ní Kú Sínú Kánáàlì

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Bàbá onílé wa ní kí n da ẹja mi sínú kánáàlì Òkè-Àfà. Wọ́n ní ẹja tó búlúù báyẹn, màmíwọ́tà ló ni ín.

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ta edé fún mi ní inú ihò òkúta etí òkun ló ń gbé. Tí kò bá sí omi iyọ̀, á kú ni."

Wọ́n ní, "Ìyá Sádíà, ẹja wo ló ń bèèrè iyọ̀? Ṣebí inú ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé!"

Ohun tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ! Àárín edé tí mo rà tomi-tomi létí òkun lánàá ni mo ti bá a láàyè. Èmi tí mò ń ta ẹja yìnyín l'Ọ̀kọ́ta, ìgbà wo ni mo ti rí ẹja tó ń wò mí lójú?

Mo gbé e sínú ike pẹ̀lú omi òkun rẹ̀, mo wọkọ̀ padà lọ sétí òkun. Owó ọkọ̀ náà ì bá ra pánla ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Kó lọ.

Bí mo ṣe dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó wọ ihò lọ, kò tiẹ̀ dágbére.

Bàbá ló pàdé mi lẹ́nu géètì. "Ṣé o ti dà á sí kánáàlì?"

"Rárá o, Bàbá. Ó ti kó lọ sílé tí kò ní lánlọ́ọ̀dù."